Ọ̀nà Tí Ayàwòrán Ń Gbà Dé Òkè Òkun

Lókè ilé ọnà Zeitz MOCAA ní Cape Town, àlejò lè dúró lórí gíláàsì kí ó máa wo inú àká ọkà àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ di gbọ̀ngàn. El Loko, ayàwòrán ọmọ Togo, ló ni àwọn àmì tó wà lára gíláàsì náà. Ní 2017 ni wọ́n ṣí ilé náà. El Loko ti kú ní Köln, ní Jámánì, ní 2016.

Ní Pédakondji, ní Togo, ni wọ́n ti bí i ní 1950. Aṣọ ló fi bẹ̀rẹ̀. Láti 1965 ló ti kọ́ bí a ṣe ń ya bátànì sára aṣọ ní Tema, ní Ghana, ó sì fi iṣẹ́ náà jẹun kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ọnà ní Düsseldorf, ní Jámánì, ní 1971. Joseph Beuys, gbajúmọ̀ ayàwòrán Jámánì, wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn àmì tirẹ̀ ti dàgbà díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi di odidi álífábẹ́ẹ̀tì.

Iṣẹ́ ọwọ́ nìkan kì í gbé ayàwòrán dé irú ibi bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣètò àfihàn ló ń yan àwòrán. Onígálárì ló ń gbé e kiri, tó ń bá olówó dúnàádúrà, ìpín tirẹ̀ sì sábà máa ń tó ìdajì. Àfihàn ńlá bíi ti Dakar, tó ti wà fún iṣẹ́ ọnà láti 1992, ni àwọn ará òkè òkun ti ń wá ojú tuntun. Nígbà mìíràn, àwòrán a wọ bàálù lọ, ẹni tó yà á a sì jókòó sílé nítorí físà.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló dúró sókè òkun. Paul Ahyi, ayàwòrán Togo mìíràn, kẹ́kọ̀ọ́ ọnà jáde ní Paris ní 1959, ó sì padà wálé. Òun ló ya àsíá Togo. UNESCO dá a lọ́lá ní 2009, ó sì kú ní oṣù kìíní ọdún 2010. Ọmọ iléèwé tó wà ní Akparé, nílẹ̀ àwa Ifẹ̀ lẹ́bàá Atakpamé, ń rí iṣẹ́ rẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá fa àsíá sókè, bóyá láìmọ̀ pé ènìyàn kan ló yà á. Ó yẹ kí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Nílé níhìn-ín náà, a lè rí iṣẹ́ ọnà: láti 2019, ààfin gómìnà àtijọ́ ní Lomé ti di ilé àfihàn, Palais de Lomé. Láti Atakpamé dé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 160 kìlómítà lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ Akparé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ wò ó.