Ṣé O Mọ̀? Òòfà Tó Ń Yọ Iná Lára Ọfà

Ọfà tó ń yọ iná kò ṣàjèjì sí ará Ẹdẹ. Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-Iná ló tẹ ìlú náà dó. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé ọfà kan wà tí kì í yọ iná bó bá ń lọ tààrà lórí eré kan náà, àmọ́ tó máa ń yọ ọ́ bí nǹkan bá yí i lọ́nà? Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni, bíńtín tó ń gbé iná NEPA gba inú wáyà. Bí òòfà bá tẹ ọ̀nà rẹ̀ kọrọdọ, a máa tu agbára jáde: ìmọ́lẹ̀ tàbí ìgbì rédíò.

Ṣé o mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀ lókè Ẹdẹ báyìí? Òòfà ni ilé ayé fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí 100 kìlómítà sókè, ó ń mú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yípo bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn, bí 900,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àárín ìlà AM orí rédíò tí àwọn bàbá wa ń fi gbọ́ ìròyìn ni iye yẹn bọ́ sí!

Máíkíróweefù tó ń gbé ọbẹ̀ gbóná ńkọ́? Mo ti rí inú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe: òòfà dúdú méjì, rìbìtì bí òrùka, bàbà láàárín wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń pòòyì tí ìgbì fi ń jáde.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 1947, ní ilé-iṣẹ́ General Electric, Schenectady, Amẹ́ríkà, wọ́n ń mú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sáré yípo nínú ẹ̀rọ kan tí gíláàsì rẹ̀ mọ́ gaara. Ìmọ́lẹ̀ kan tàn níbẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ rò pé iná ló ń ṣẹ́. Bí wọ́n ti ń dín agbára rẹ̀ kù, àwọ̀ rẹ̀ kúrò ní funfun aláwọ̀ búlúù, ó di òféèfèé, ó di pupa.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nìyí: ìmọ́lẹ̀ náà kì í dà wọ̀ọ̀ bí omi. Ẹyọ ẹyọ ló ń jáde, bí ẹ̀wà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ń ta ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nípàá bí ìbọn ti ń ta èjìká ọdẹ. Ká ní bí omi ló ń dà ni, ọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń yípo ìbá máa tín-ín-rín sí i bí òwú. Ìpá yẹn ni kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹta 2020, àwọn onímọ̀ ACEGID, ibùdó ìwádìí àbùdá kòkòrò àrùn ní Redeemer's University, Ẹdẹ, ka àbùdá kòkòrò Kòrónà, wọ́n sì ṣáájú gbogbo Áfíríkà. Lọ́dún yẹn kan náà, ní ibi ẹ̀rọ Diamond, Oxfordshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí ni wọ́n fi wo ìrísí prótíìnì kòkòrò ọ̀hún. Bùràsíìlì ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, Jọ́dánì náà ní in. Áfíríkà kò tíì ní ẹyọ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ wa ti pàdé lórí rẹ̀ ní Grenoble, ilẹ̀ Faransé, láti 2015. Ẹni tó bá fẹ́ fi wo iṣẹ́ rẹ̀ láti ìhín yóò dì í, yóò sì fi ọkọ̀ òfuurufú ránṣẹ́ sókè òkun.