Iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Tí Ọmọ Gbé Wálé

Ẹ̀yin òbí ní Ṣábẹ, bí ọmọ yín bá gbé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wálé, ẹ má ṣe wí pé, “Èmi kò gbọ́ ọ.” Faransé tí ó fi ń kẹ́kọ̀ọ́ lè tàn án jẹ: “librairie” Faransé, ilé ìtàwé ni, “library” Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìkàwé ni. Yorùbá náà lè ṣì í lọ́nà: “ó” wa kan ṣoṣo, “he”, “she” àti “it” ni lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ ní kí ó fi Yorùbá sọ ìtàn tí ó kà fún yín. Ibi tí ó bá ti há, ibẹ̀ ni kò yé e. Kí ó bi olùkọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má bá a kọ ìdáhùn: lọ́jọ́ ìdánwò BEPC, òun nìkan ni yóò jókòó.