Ìrora ìyá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọmọ náà ń pín nínú rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Dassa-Zoumè àti agbègbè rẹ̀, láti 2009 ni ìjọba Benin ti bẹ̀rẹ̀ sí san owó césarienne fún àwọn aboyún. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá jí, tó ní ojú abẹ ń dun òun, ohun tó sábà máa ń gbọ́ ni: "Ṣe gírí, fara dà á."

Ká sọ òótọ́, ìrora yẹn kì í ṣe ti ìyá nìkan. Ìyá tí kò lè yíra padà, báwo ló ṣe máa gbé ọmọ sáyà?

Àyà ìyá sì ń gba ẹ̀mí là. Láti 2017 dé 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) ṣe ìwádìí ní ọsibítù 5: ọ̀kan ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn yòókù ní Gánà, Màláwì, Tànsáníà àti Íńdíà. Ọmọ 3211 tí kò tó kílò 1,8 ni wọ́n tẹ̀lé. Wọ́n gbé àwọn kan sáyà ìyá kété tí wọ́n bí wọn, ara kan ara, fún nǹkan bíi wákàtí 17 lójúmọ́. Àwọn yòókù dúró lọ́tọ̀ títí ara wọn fi balẹ̀. Kí ọjọ́ 28 tó pé, nínú 100 ọmọ, nǹkan bíi 16 kú nínú àwọn tó dúró lọ́tọ̀, 12 nínú àwọn tó wà láyà. Èrè náà hàn débi pé wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí iye ọmọ tí wọ́n fẹ́ tó pé.

Kí ló fà á? Ọmọ ń rí ooru, ọmú wà nítòsí, kòkòrò àìsàn kì í sì tètè ráàyè. Ọmọ tuntun pàápàá ń mọ ìrora: bí wọ́n bá ń gún un lábẹ́rẹ́ lórí àyà ìyá rẹ̀, kì í dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìyá ọmọ, tètè sọ fún agbẹ̀bí. Má dúró kí ìrora dé góńgó. Oògùn wà tí kò ní pa ọmọ tó ń mu ọmú lára. Má ra ti ẹ̀bá ọ̀nà o, nítorí òmíràn ń gba inú ọmú dé ara ọmọ.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ bá a béèrè. Bí kò bá sì tíì lè jókòó, kí ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbé ọmọ sáyà dè é.