Bí A Ṣe Ń Fi Bébà Ṣe Igi Ìdílé fún Ẹ̀bùn Ìrántí

ÀRÒKỌ AṢÀLÀYÉ

Ìbéèrè: Ṣe àlàyé bí a ṣe lè fi ọwọ́ ara ẹni ṣe ohun ìrántí kan fún àgbàlagbà nínú ìdílé.

Ìlapa Èrò
(i) Ìfáárà: ohun tí igi ìdílé jẹ́
(ii) Bí a ṣe ń kó orúkọ àti ọdún jọ
(iii) Bí a ṣe ń ya ìlànà igi
(iv) Ohun èlò
(v) Gígé àti títò
(vi) Férémù àti ìtọ́jú
(vii) Ìkádìí

Àròkọ

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìdílé rí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni ó mọ orúkọ bàbá wa àti ti bàbá bàbá wa, ṣùgbọ́n bí a bá bi wá léèrè ẹni tí ó bí bàbá bàbá wa, ẹnu wa a wọhò. Ní ayé àtijọ́, àwọn ìyá àgbà a máa ki àwọn ọmọ ilé ní àràárọ̀, orúkọ àwọn tí ó ti lọ kì í sì í tètè sọnù. Nísinsìnyí tí ẹbí ti fọ́n káàkiri, ó yẹ kí a wá nǹkan mìíràn kún un. Igi ìdílé jẹ́ ọ̀kan nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwòrán igi ni, tí a fi bébà gé ní ìpele ìpele, tí a to ìpele kan síwájú èkejì, tí a kọ orúkọ àwọn ẹbí sí ara ewé rẹ̀, tí a sì fi dígí bò. Irú rẹ̀ ni èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ṣe fún ìyá bàbá wa nígbà tí wọ́n pé ọgọ́rin ọdún. Òun náà ni n ó ṣe àlàyé rẹ̀ níhìn-ín.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ọwọ́, ti etí ni. Kí a tó gé bébà kan ṣoṣo, a ní láti kó orúkọ jọ. Kí a lọ bá àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́ tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀, kí a kí wọn bí ó ti yẹ, kí a sì sọ ohun tí a fẹ́ ṣe fún wọn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà a kò gbọdọ̀ béèrè pé, “Ọmọ mélòó ni ẹ bí?” Orúkọ ni kí a béèrè, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí àkọ́bí títí dé orí àbíkẹ́yìn. Kí a rántí pẹ̀lú pé orúkọ tí a fi ń pe àgbà nínú ilé kì í sábà jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹni tí gbogbo agboolé ń pè ní Ìyá Ìbàdàn tàbí Bàbá Alátẹ ní orúkọ tí a sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ. Èyí ni a ń wá, pẹ̀lú oríkì rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àgbà ni kò mọ ọdún tí a bí wọn, nítorí pé a kò kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí kò yẹ kí ó dí wa lọ́wọ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni kí a fi wá ọdún. Bí wọ́n bá sọ pé ìgbà ogun Hitler ni a bí wọn, àárín ọdún 1939 sí 1945 nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ni, 1955 ni. Ọdún òmìnira ni 1960. Ọdún tí ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì tí ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ni 1972. Ọdún tí náírà dé ni 1973. Ọdún tí kò bá dá wa lójú, kí a kọ “nǹkan bí” ṣáájú rẹ̀.

Orúkọ pàápàá a máa sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó bá fi etí sílẹ̀. Bàbátúndé ń sọ fún wa pé bàbá àgbà kan ti kú kí a tó bí ọmọ náà. Ìdòwú ń sọ fún wa pé ìbejì ni ó ṣáájú rẹ̀, Àlàbá ni ó sì ń tẹ̀ lé Ìdòwú. Nítorí náà, bí a bá rí Ìdòwú nínú ìwé wa tí a kò rí Táíwò àti Kẹ́hìndé ṣáájú rẹ̀, ó ní ẹni tí a ti gbàgbé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyí. Àbúrò bàbá wa kan ń jẹ́ Ìdòwú. Ọdún tí náírà dé ni a bí wọn. Láti kékeré ni a ti ń pè wọ́n ní Bọ̀dá Ìdòwú, kò sì sí ẹni tí ó ronú sí orúkọ náà rí. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ka ìwé wa fún Màmá, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni Bọ̀dá Ìdòwú tẹ̀ lé?” Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wí pé, “Àjọkẹ́, ìbejì ni. Ọkùnrin kan, obìnrin kan. Wọn ò pé ọdún méjì. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó bi mí léèrè wọn rí.” Wọ́n pe orúkọ àwọn ọmọ náà fún mi, wọn kò sì dìde ní ẹ̀gbẹ́ mi títí mo fi kọ wọ́n sínú ìwé.

Nígbà tí orúkọ bá pé, kí a ya ìlànà igi náà sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń fi ìdílé wé igi. Bí olóbìnrin púpọ̀ bá kú tí a fẹ́ pín ogún rẹ̀, àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan ni a ń pè ní ìdí-igi kan. Ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ni yóò gba ìpín tí ó dọ́gba, bí ọmọ ibẹ̀ pọ̀, bí wọn kò pọ̀. Ilé-ẹjọ́ fi ọwọ́ sí àṣà yìí nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí ìdájọ́ ìkẹyìn rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962. Ìlànà yìí ni kí a tẹ̀ lé. Òótọ́ ni pé ìdí ni àwọn àgbà pè é, ṣùgbọ́n lórí bébà, ẹ̀ka ni ó rọrùn jù láti yà. Kí bàbá ńlá jẹ́ ìtì igi, kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀ka ńlá tirẹ̀. Kí àwọn ẹ̀ka náà gùn bákan náà, nítorí pé ẹ̀bùn tí ó bá dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá bàbá wa fẹ́. Ẹ̀ka mẹ́ta tí ó dọ́gba ni a yà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Màmá wa ni ó ni ayẹyẹ. Àwọn ọmọbìnrin tí ó ti lọ sí ilé ọkọ kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ewé tiwọn náà wà níbẹ̀.

Ohun èlò iṣẹ́ yìí kò wọ́n. A ó wá páálí líle tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45. A ó ra bébà tí ó nípọn díẹ̀: ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run, ọ̀kan tí ó dà bí èèpo igi, àti oríṣi àwọ̀ ewé mẹ́ta, èyí tí ó dúdú, èyí tí ó wà ní àárín, àti èyí tí ó dà bí ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú. A ó tún wá sísọ́ọ̀sì, abẹ, rúlà, pẹ́ńsùlù, tàdáwà dúdú àti gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń lẹ pákó. Kí a má ṣe lo sítáàṣì, nítorí pé aáyán fẹ́ràn rẹ̀. Bíró kò dára fún orúkọ pẹ̀lú, nítorí pé ó máa ń ṣá bí ọjọ́ bá ti ń lọ.

Gígé àti títò ni ó kàn. Ní àkọ́kọ́, a ó lẹ bébà àwọ̀ ojú ọ̀run mọ́ páálí, a ó sì fi ìwé wúwo tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbẹ, kí ó má baà ká. Lẹ́yìn èyí, a ó gé ìtì igi àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀, a ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni a ó gé ewé. Kí ewé kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3. Bí a bá ṣẹ́ bébà po ní ẹ̀ẹ̀mejì, ewé mẹ́rin ni a ó gé lẹ́ẹ̀kan náà. A ó kọ orúkọ sí ewé kí a tó lẹ̀ ẹ́. Ewé dúdú ni ti àwọn ìyàwó bàbá ńlá, ewé àwọ̀ àárín ni ti àwọn ọmọ wọn, ewé tuntun sì ni ti àwọn ọmọ-ọmọ.

Nísinsìnyí, a ó gé páálí sí kékeré kékeré, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, a ó sì lẹ mẹ́ta mẹ́ta pọ̀ kí wọ́n lè ga. Àwọn wọ̀nyí ni ìtìlẹ́yìn ewé. Ewé dúdú kò ní ìtìlẹ́yìn. Ara ẹ̀ka ni a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ewé àwọn ọmọ yóò jókòó lórí ìtìlẹ́yìn kan, ti àwọn ọmọ-ọmọ yóò jókòó lórí méjì. Báyìí ni igi náà yóò fi ní ìpele. Ẹni tí ó bá wò ó yóò kọ́kọ́ rí ọmọdé níwájú, yóò sì rí àgbà tí ọmọdé náà fi ẹ̀yìn tì. Kí a kọ́kọ́ to gbogbo ewé láìfi gọ́ọ̀mù sí i, kí a pe àgbà kan wá wò ó, nítorí pé ohun tí a bá ti lẹ̀ kò rọrùn láti ṣí.

Ewé àwọn tí ó ti kú kì í ṣe ewé tí ó já sílẹ̀. Orí ẹ̀ka wọn ni kí a fi wọ́n sí, kí a sì fi tàdáwà fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí wọn ká. Ní ayé àtijọ́, ère ìbejì ni à bá gbẹ́ fún àwọn ìbejì Màmá. Ewé méjì lórí igi ewé kan ṣoṣo ni a gé fún wọn, a sì fi í sí ààyè rẹ̀, ṣáájú ewé Bọ̀dá Ìdòwú.

Ní ìparí iṣẹ́, kí a gbé e lọ fún gbẹ́nàgbẹ́nà kí ó bá wa kan férémù. Kí inú férémù náà jìn tó sẹ̀ǹtímítà 4, kí dígí má baà tẹ ewé mọ́lẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣeé ṣí. Kí a fi ewé tí a kò tíì kọ orúkọ sí sínú apòòwé, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn férémù náà fún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Ibi tí oòrùn kì í pa, tí òjò kì í sì í jò sí, ni kí a gbé e kọ́. Kí a tọ́jú ìwé tí a kọ orúkọ sí pẹ̀lú, nítorí ikán àti iná.

Ní ọjọ́ ayẹyẹ, àwọn àlejò ń yin àwọ̀ rẹ̀ àti bí a ṣe gé e. Màmá kò tilẹ̀ wo ìyẹn. Ewé méjì nì ni wọ́n ń wá kiri, nígbà tí wọ́n sì rí wọn, wọ́n fi ìka kan dígí níbẹ̀, wọ́n sì pe orúkọ méjèèjì sókè. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé bébà àti gọ́ọ̀mù kọ́ ni ẹ̀bùn náà, bí kò ṣe ìbéèrè tí a béèrè. Bébà wà lọ́jà nígbàkúùgbà, ṣùgbọ́n orúkọ tí àgbà bá gbé lọ, kò sí ọjà tí a ti lè rà á. Ẹni tí ó bá ní àgbà nílé, kí ó tètè mú ìwé àti pẹ́ńsùlù.

Àkíyèsí fún akẹ́kọ̀ọ́: Bí ìtàn tilẹ̀ wà nínú àròkọ yìí, àròkọ aṣàlàyé ni. Ìtàn náà kàn ń ti àlàyé lẹ́yìn ni. Ṣe àkíyèsí bí iṣẹ́ náà ṣe tẹ̀ lé ara wọn láti orí orúkọ títí dé orí férémù, àti bí “ní àkọ́kọ́”, “lẹ́yìn èyí” àti “nísinsìnyí” ṣe ń fi ọ̀nà han ẹni tí ó ń kà á.