Tíṣà, Ọ̀rọ̀ Ìfẹ́ Àti Ìwé Gbélé-ẹ

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Bìní, yálà Ugbowo lẹ wà ni o, tàbí Uselu, tàbí Sapele Road, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni ọ̀pọ̀ nínú yín wà, níbi tí ẹnu ọ̀gá ti jẹ́ òfin. Bí ẹnìkan bá ti lọ sọ létí ọ̀gá pé tíṣà méjì ń fẹ́ra wọn, tàbí pé tíṣà obìnrin kan lóyún láì tíì ṣègbéyàwó, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìwé gbélé-ẹ ti dé. Kò sí kúẹ́rì, kò sí ìgbìmọ̀, ẹnikẹ́ni kò bi í pé kí ló rí sọ sí i. Àwọn àgbà sì ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

A kò bẹ̀bẹ̀ fún tíṣà tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe ìṣekúṣe o. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ní ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lò pọ̀, kò sì gba àwáwí pé mi ò mọ̀ pé ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Akindele ti OAU, Ilé-Ifẹ̀. Ní 2018, gbogbo ayé ló gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń bá akẹ́kọ̀ọ́ dúnàádúrà ìbálòpọ̀ nítorí máàkì. Síbẹ̀, yunifásítì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé ná, wọ́n ṣèwádìí kí wọ́n tó lé e ní June. Ní December, ilé ẹjọ́ ní Òṣogbo rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rí ìgbìmọ̀, kí ló dé tí ẹni tí wọ́n kàn sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn kò ní rí?

Ọ̀rọ̀ àgbà sí àgbà ló ń bí wa nínú jù. Ní Ireland, ní 1982, ilé ẹ̀kọ́ àwọn sísítà Kátólíìkì ní ìlú New Ross lé tíṣà kan tó ń jẹ́ Eileen Flynn, nítorí pé ó ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti pínyà, ó sì bímọ fún un. Ó gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ gíga, ó sì pàdánù ní 1985. Nílé wa níbí, ní January 2021, wọ́n lé ọlọ́pàábìnrin kan ní Adó-Èkìtì nítorí pé ó lóyún láì lọ́kọ. Òun ní tirẹ̀ jàre: ilé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ní Àkúrẹ́ wọ́gi lé òfin ọlọ́pàá tí wọ́n gùn lé, ó sì ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún un. Òfin náà kò sáà sọ pé kí wọ́n lé ọlọ́pàákùnrin tó bá fún obìnrin lóyún.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ṣì ní ibi tó lè fẹ̀yìn tì. Olùkọ́ 49 ni Yunifásítì Ìlọrin lé ní 2001 lórí ọ̀rọ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀. Ní 2009 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n gbà wọ́n padà. Ọdún mẹ́jọ! Ti aládàáni kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ kì í sábà fipá mú ọ̀gá gba òṣìṣẹ́ padà. Owó oṣù ìkìlọ̀ ni wọ́n sábà máa ń rí gbà. Àmọ́ bí ọ̀gá bá kọ ìdí sínú ìwé, ó di dandan kó fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló sọ bẹ́ẹ̀ ní 2008, nínú ẹjọ́ Shell àti Olarewaju. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú wọn fi ń kọ ọ́ pé "a kò nílò iṣẹ́ rẹ mọ́", tí wọ́n á wá máa fi ẹnu ba tíṣà náà jẹ́ kiri ìlú.

Ẹ tọ́jú ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín. Bí kúẹ́rì bá dé, ẹ fi ìwé fèsì, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan pamọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ìtìjú má bàa pọ̀, ẹ má kọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí lọ́yà. National Industrial Court náà ń jókòó ní Bìní níbí.