Jẹjẹrẹ Ọyàn: Kí Àyẹ̀wò Ṣáájú Oògùn

Obìnrin Sábọ̀n Gàrí tó bá kan kókó nínú ọyàn rẹ̀ kò jìnnà sí Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello ní Ṣíkà. Kí ó tètè lọ fún àyẹ̀wò, nítorí jẹjẹrẹ ọyàn kì í ṣe oríṣi kan.

Èyí tí họ́mónù obìnrin ń bọ́ ni tamoxifen, tí Amẹ́ríkà fàṣẹ sí ní 1977, ń dá dúró. Èyí tí kò gbára lé họ́mónù, tó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kì í gbọ́ oògùn náà. Ní 2020, Amẹ́ríkà fàṣẹ sí pembrolizumab, tó ń ta ọmọ-ogun ara jí, fún díẹ̀ nínú àwọn tí irú yìí ti tàn kálẹ̀ lára wọn; ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n gógó ni. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí bí ìtọ́jú méjèèjì yóò ṣe ṣiṣẹ́ pọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má fi kókó pamọ́ títí yóò fi degbò. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.