Bí ẹ̀rọ ìgégi bá kọ̀ tí kò tan, bẹntiróòlù ni ká kọ́kọ́ bi léèrè

Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ Ìdànrè sí ìlú kòkó àti ìlú olókè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ síbẹ̀ déédéé mọ̀ pé ọkọ̀ tó ru gẹdú àti pákó kì í wọ́n lójú ọ̀nà náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ rí gbágungbàgun, igi ńláńlá sì wà níbi tí táyà ọkọ̀ ò lè dé. Àwọn agégẹdú á gé irú igi bẹ́ẹ̀ lulẹ̀, wọn á là á sí pákó níbi tó wó sí gan-an, àwọn alágbàrù á sì fi orí rù ú jáde. Ẹ̀rọ ìgégi kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Àgbẹ̀ kòkó náà ń yá a lò bí igi bá wó lu oko rẹ̀, tàbí bó bá fẹ́ gé kòkó tó ti darúgbó kó lè gbin tuntun. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá kọ̀ tí kò tan, gbogbo ẹni tó tẹ̀lé e wọgbó ló jókòó lásán.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n máa fa okùn rẹ̀ léraléra. Bí apá bá ro wọ́n, wọn á mú sikuru-díráfà, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọn ìdè ara kábúrétọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ àìsàn kékeré di ńlá, torí ibi tó yẹ ká dé kẹ́yìn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀rọ yìí kò rí bíi ti mọ́tò. Mọ́tò ní ibi tí ọ́ìlì rẹ̀ ń gbé lọ́tọ̀. Ti ẹ̀rọ ìgégi kò ní. Inú bẹntiróòlù ni wọ́n ń po ọ́ìlì rẹ̀ mọ́, bí a ṣe ń ṣe fún jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-pass-my-neighbour. Ìdí rẹ̀ ni pé agégẹdú máa ń dojú ẹ̀rọ náà délẹ̀, á fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, á tún gbé e sókè, ọ́ìlì tó bá wà lójú kan ò sì lè dé gbogbo ara ẹ́ńjìnnì nírú ipò bẹ́ẹ̀. Kábúrétọ̀ rẹ̀ náà ò gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó ń léfòó nínú bẹntiróòlù. Awọ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń fa bẹntiróòlù wọlé. Ọgbọ́n yìí ló jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lè máa gé igi káàkiri igbó. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀: nígbà tí Andreas Stihl dá iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgégi sílẹ̀ ní Stuttgart, ní Jámánì, lọ́dún 1926, iná mànàmáná ni ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ń lò. Ọdún 1929 ni èyí tó ń lo bẹntiróòlù jáde, ó sì di ọdún 1950 kí iléeṣẹ́ náà tó gbé èyí tí ẹnì kan lè dá lò jáde.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀: ṣéènì kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àìtan yìí, ṣùgbọ́n òun ló ní ìtàn tó dùn jù. Agégẹdú kan ní Oregon, ní Amẹ́ríkà, Joseph Cox, wo bí ìdin kan ṣe ń fi ẹnu rẹ̀ gé inú igi sọ́tùn-ún sósì, ó sì fara wé e láti ṣe eyín ṣéènì tuntun. Ọdún 1947 ló dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Eyín yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ṣéènì ayé òde òní jogún.

Ká padà sórí bẹntiróòlù. Èyí tí a ti po ọ́ìlì mọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí sábà máa ń kìlọ̀ pé kó má ju 30 ọjọ́ lọ. Apá tó fúyẹ́ jù lára bẹntiróòlù ló máa ń fò lọ kọ́kọ́, apá yẹn gan-an ló sì máa ń tètè gbaná nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, bẹntiróòlù ti di ohun tí èèyàn ń ṣọ́ lò, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ da ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì nù mọ́. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì yẹn ni omi máa ń gbé, torí omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ. Nígbà òjò, tí kẹ́ẹ̀gì bá sùn sínú oko láìkún, omi lè sẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ da díẹ̀ sínú ìgò funfun, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sinmi. Bí omi bá wà níbẹ̀, yóò yà sọ́tọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ̀bi kì í sì í ṣe ti ẹni tó tọ́jú rẹ̀ nígbà gbogbo. Lóṣù kejì ọdún 2022, àjọ NMDPRA tó ń bójú tó epo ní Nàìjíríà kéde pé bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ ti wọ ìlú. Methanol máa ń fa omi mọ́ra, ó sì lè ba rọ́bà jẹ́, bẹ́ẹ̀ rọ́bà ni awọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Pípo rẹ̀ náà ní ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun ń fẹ́ ọ́ìlì 20 ml sí lítà bẹntiróòlù kan, ìyẹn 100 ml sí lítà márùn-ún. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan tàbí ọ́ìlì tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ lè béèrè ìlọ́po méjì. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ojú ò ṣeé fi wọ̀n ọ́n. Bí ọ́ìlì bá kéré, písítìn á ha. Bó bá pọ̀ jù, pọ́lọ́ọ̀gì á dúdú. Ọ́ìlì mọ́tò kò sì bá iṣẹ́ yìí mu.

Bí bẹntiróòlù bá dára, ọ̀rọ̀ kan ṣóòkù. Àárọ̀ tí ẹ̀rọ ṣì tutù, a ó pa ṣóòkù dé, a ó fa okùn títí yóò fi hú lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń wúkọ́. Ó ti tó. A ó ṣí ṣóòkù, a ó sì tún fà. Ẹni tó bá ń fà á lọ tí kò ṣí ṣóòkù ń da bẹntiróòlù bo pọ́lọ́ọ̀gì ni. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa súwíìṣì, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fa okùn lẹ́ẹ̀mélòó kan kí èyí tó kún inú ẹ́ńjìnnì lè tú jáde, kẹ́ ẹ tó dá a padà.

Ẹ wo àwọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì náà dáadáa tẹ́ ẹ bá yọ ọ́. Bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ara ẹ́ńjìnnì yá. Bó bá dúdú tó sì ní ọ̀rá, ọ́ìlì ti pọ̀ jù tàbí kí ìyẹ̀fun igi ti dí fílítà afẹ́fẹ́. Bó bá gbẹ táútáú lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fà á títí, bẹntiróòlù ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Fílítà kékeré inú táǹkì àti rọ́bà tó so mọ́ ọn ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Àlàfo ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 0.5 mm.

Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, tó wá kọ̀ lọ́sàn-án lẹ́yìn ìsinmi, ooru ló sábà ń dà á láàmú: bẹntiróòlù ti ń hó nínú rẹ̀. Ibòji ni oògùn rẹ̀. Ẹ má ṣí ìdérí táǹkì nígbà tó gbóná, torí ó lè tú sí yín lára, kó sì gbaná.

Bí okùn bá rọ̀ dẹ̀rọ̀dẹ̀rọ̀ lọ́wọ́, tí kò sí ohun tó ń dá a dúró, ó ṣeé ṣe kí písítìn tàbí ríìnì ti lọ. Iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni awọ rọ́bà kábúrétọ̀ tó bá ti gan.

Àwọn kan máa ń gbé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ kan, wọn á fi ọwọ́ kejì fa okùn bí wọ́n ṣe ń jù ú sísàlẹ̀. Ṣéènì tó bá yí lójijì lè gé itan. Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lé, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti búréèkì ṣéènì bó bá ní. Bẹ́ ẹ ò bá sì ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ da bẹntiróòlù inú rẹ̀ padà sí kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ ẹ tan án kó ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé e pamọ́.